Ẹwà Tí Kò Sá fún Òtítọ́: Ohun Tí Iṣẹ́ Ọnà Lè Ṣe fún Ìdájọ́ Òdodo àti Ìwòsàn Ọkàn

Ẹ̀yin àgbààgbà ìlú Àgbádárìgì, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pa iṣẹ́ tì láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ dá lórí ohun tí iṣẹ́ ọnà àti ẹwà lè ṣe fún ìdájọ́ òdodo, àti fún ìwòsàn ọkàn ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n gbà pé ọ̀nà wọn kò pàdé rárá: pé ilé ẹjọ́ ló ni ìdájọ́, ilé ìwòsàn ló ni ìwòsàn, iṣẹ́ ọnà sì jẹ́ ohun tí ènìyàn ń yà sí lẹ́yìn tó bá ti jẹun yó. N kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé.

Adájọ́ lè sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ó lè ní kí ó san owó ìtanràn, ó lè ní kí wọ́n lọ tì í mọ́lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ bá parí, tí ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ bá ń padà sílé, ohun kan ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ tí adájọ́ kò lè bá a gbé kúrò, ìyẹn ni ìrántí pé wọ́n ti ṣe òun bí ẹni tí kì í ṣe ènìyàn. Ìwà ìkà kì í mú owó, ilẹ̀ tàbí ẹ̀mí nìkan lọ. Ó máa ń mú iyì lọ pẹ̀lú. Iyì tó bá sì lọ kì í gbọ́ àṣẹ adájọ́ kí ó padà wá. Ó ń padà díẹ̀díẹ̀, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá fara balẹ̀ wo ẹni náà, tí wọ́n gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ, tí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n ṣe dáadáa bu ọlá fún un. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọnà ń ṣe nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni pé ó ń fún wa lágbára láti dúró wo òtítọ́ tí ojú wa ìbá ti sá fún.

Àmọ́ kí n tó yin ẹwà, ó tọ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti lè ṣini lọ́nà. Àgbádárìgì ni a wà, ìlú tó mọ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ pé ohun tó dára lójú lè ní ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn. Ní àgbàlá Seriki Williams Abass, níbi tí wọ́n ti ń há àwọn ẹrú mọ́ inú yàrá 40 ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ṣì ń fi díẹ̀ lára àwọn ọjà tí wọ́n fi pààrọ̀ ènìyàn han àlejò: agboorùn wà níbẹ̀, àwo tánganran wà níbẹ̀. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri máa ń sọ pé agboorùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gba ogójì ènìyàn. Bí ẹ bá tún débẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ agboorùn náà. Ẹnì kan ló fi ọgbọ́n to irin rẹ̀, ẹnì kan ló rán aṣọ bò ó, ẹni tó gbà á sì gbé e lọ sí òde, àwọn tó rí i sì kan sáárá sí i. Ohun ẹwà ni nígbà náà. Àwọn tí wọ́n fi san owó rẹ̀ ń bẹ nínú ọkọ̀ ojú omi, lórí òkun, kò sí ẹni tó dárúkọ wọn níbi àríyá náà. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ẹwà lónìí, n kò sọ nípa ẹwà tí a fi ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọ̀dà tuntun tí wọ́n bá kùn sára ògiri tó ti sán kò sọ ògiri náà di odindi.

Ìtàn Seriki Abass fúnra rẹ̀ yẹ fún àròjinlẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú, ó dé Bràsíl, ó padà wá sí etíkun yìí, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ènìyàn jù lọ, kí ó tó di olórí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí, tó sì kú ní ọdún 1919. Ẹni tí wọ́n tà ló padà wá di ẹni tó ń ta ènìyàn. Ọgbẹ́ tí a kò tọ́jú kì í dúró sójú kan. Ó máa ń wá ara ẹlòmíràn tí yóò ràn mọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi lè ya ìwòsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ìdájọ́ òdodo. Bí a bá dá ẹjọ́ tí a kò wo ọkàn sàn, ẹjọ́ mìíràn ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọjá sí ilé ìdílé Mobee. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ilé náà fúnra wọn ni wọ́n pa ẹ̀wọ̀n tí àwọn baba ńlá wọn fi ṣòwò ẹrú mọ́, tí wọ́n sì ń fi í han gbogbo ayé. Wọn ìbá ti jù ú sínú ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó lọ́wọ́ nínú irú òwò bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ́ ilé alárànbarà sórí ilẹ̀ ibẹ̀, tí ìtàn sì parí. Nínú ilé yìí, irin náà wà níbẹ̀: èyí tí wọ́n ń fi de ọrùn, èyí tí wọ́n ń fi de ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi dí ẹnu kí ẹnikẹ́ni má baà ké. Ẹ̀wọ̀n ọmọdé wà pẹ̀lú. Ó kéré débi pé àgbàlagbà tó bá gbé e lọ́wọ́ á kọ́kọ́ rò pé wọ́n fi de ẹran ni, àfi ìgbà tí ó bá fi wé ọrùn ọwọ́ ọmọ tirẹ̀.

Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti lọ síbẹ̀ rí. Nígbà tí a padà dé kíláàsì, mo ní kí kálukú ya ohun tó rí. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ya ẹ̀wọ̀n náà dáadáa, gbogbo oríkèé irin rẹ̀ ló pé, àní ó rántí ìpẹtà tó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ya ènìyàn kankan sínú rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ bí ojú wọn ṣe rí.” Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní, nítorí pé ibi tí ìdájọ́ wa ti kù káàtó gan-an ni ọmọ náà fọwọ́ kàn. A ní irin, a ní kànga tó wà ní ojú ọ̀nà Gbèrèfú, erékùṣù tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀, a ní ẹnubodè tí a ń pè ní ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í padà. A kò ní ojú. Ẹni tí kò sì lójú lọ́dọ̀ wa, ìyà tó jẹ ẹ́ kì í dùn wá pẹ́ títí.

Àwọn baba wa mọ ohun tí ojú túmọ̀ sí fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Yorùbá wà lára àwọn tó ń bí ìbejì jù lọ láyé, bẹ́ẹ̀ ni láyé àtijọ́, ìbejì kì í sábà yè méjèèjì. Nígbà tí ọ̀kan bá kú, wọ́n á wádìí lọ́dọ̀ babaláwo, wọ́n á sì gbé igi fún agbẹ́gilére. Ère tó máa gbẹ́ kò ju ìwọ̀n ọwọ́ àgbàlagbà lọ ní gígùn. Kì í gbẹ́ ìkókó; àgbàlagbà ló máa ń gbẹ́, tí ọmú tàbí irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, tí ilà ìdílé wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ náà dàgbà, ó gba gbogbo ohun tí ikú gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá á máa wẹ ère náà, á máa fi osùn pa á lára, á fi aró sí irun rẹ̀, á so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí, á fún un ní oúnjẹ nígbà tó bá ń fún èkejì rẹ̀ tó wà láàyè, á tẹ́ ẹ sùn lálẹ́.

Ẹni tó bá ti di irú ère bẹ́ẹ̀ mú rí á ṣàkíyèsí pé ojú rẹ̀ ti dán, ó ti jẹ. Imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ tán, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti di ohun tí ọwọ́ nìkan lè rí. Kì í ṣe ikán ló jẹ ẹ́. Ọwọ́ ìyá ló wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ láàárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí a ronú sí èyí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín kò gbà yín láyè láti ní irú ère bẹ́ẹ̀ nílé, tèmi náà kò gbà mí láyè. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Wọn kò sọ fún ìyá náà pé kí ó gbàgbé. Wọn kò sì fi í sílẹ̀ kí ó máa sunkún láìní ohun tí yóò fọwọ́ mú. Wọ́n fún ìbànújẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, iṣẹ́ náà sì lẹ́wà, gbogbo agbo ilé sì mọ̀ pé ó ń ṣe é, wọ́n bá a bọ̀wọ̀ fún un. Díẹ̀díẹ̀, bí ojú ère ṣe ń dán, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ìyá ń rọ̀.

Ti ìdájọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa tó bá wa pààlà, tí àjọ UNESCO sì kà mọ́ ogún àṣà gbogbo àgbáyé ní ọdún 2001. Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, ẹwà rẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ: àgbékórí tí wọ́n gbẹ́, aṣọ àti gèlè tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ẹsẹ̀ tó ń bá ìlù sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ tí ijó ọ̀sán yóò bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀fẹ̀, akọrin inú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ti jáde lóru. Ẹ̀fẹ̀ yóò kọ́kọ́ júbà fún àwọn ìyá, yóò súre fún ìlú, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tú àṣírí: ẹni tó jí, ẹni tó rẹ́ opó jẹ, ìjòyè tó jẹ owó ìlú. Kò sí ẹni tó lè mú un sí ohun tó bá kọ lórin ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọlọ́rọ̀ àti tálákà jókòó pọ̀, wọ́n jọ gbọ́ ọ, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn sì mọ̀ ọ́n nínú ara rẹ̀. Ẹjọ́ ni wọ́n dá níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dá a lọ́nà tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣì lè jí lọ́jọ́ kejì kí ó tún ìwà rẹ̀ ṣe, nítorí wọn kò lé e kúrò nílùú. Èmi kò mọ ilé ẹjọ́ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Ògù tí wọ́n ni ìlú yìí kò gbẹ́yìn. Zangbeto tí àlejò máa ń ya fọ́tò rẹ̀ nígbà ọdún, tí ó ń yí bí ìjì nínú aṣọ ìkó aláràbarà, òun náà ló ń ṣọ́ ìlú lóru tí olè fi ń bẹ̀rù. Ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ di ohun ìran lásán. Ijó rẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn ọmọdé fẹ́ràn ohun tí àwọn ọ̀daràn ń sá fún, bí ìlú kan bá sì fẹ́ kí òfin pẹ́ nínú rẹ̀, ó yẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn òfin náà kí wọ́n tó gbọ́n débi tí wọ́n fi lè bẹ̀rù rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ náà mọ agbára yìí, àwọn tí wọ́n ń ṣe àìdáa sì ni ó máa ń yé jù. Ní ọdún 1964, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ eré Hubert Ogunde nítorí eré kan tí ó fi bá àwọn aṣíwájú Yorùbá wí lórí ìyapa tó wà láàárín wọn. Òfin náà kò sì ká kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí ìjọba ológun fi dé ní ọdún 1966. Kí ló lè mú kí ìjọba tó ní ọlọ́pàá, tó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, bẹ̀rù àwọn eléré tó ń gbé ìlù kiri nínú ọkọ̀? Ó bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn yóò jókòó papọ̀ sínú gbọ̀ngàn kan, wọn yóò sì rí ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní Chile, nígbà tí ọ̀gágun Pinochet fipá gba ìjọba ní ọdún 1973, àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ sí í kó ènìyàn lóru, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà wálé. Bí ìyàwó tàbí ìyá bá lọ béèrè ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á ní àwọn kò mọ ẹni tó ń sọ. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kóra jọ lábẹ́ ààbò ìjọ Kátólíìkì, wọ́n mú aṣọ àpò, irú èyí tí a fi ń di kòkó, wọ́n ń rán àkísà aláwọ̀ mèremère mọ́ ọn lára láti fi ya ohun tó ṣẹlẹ̀: ilé kan tí ọkọ̀ ológun dúró sí iwájú rẹ̀, tábìlì oúnjẹ tí àga kan ṣófo, àwọn obìnrin tó di fọ́tò mú tí wọ́n ń béèrè pé níbo ni wọ́n wà. Nígbà mìíràn, aṣọ ẹni tó sọnù gan-an ni wọ́n gé lò. Wọ́n ń yọ́ àwọn aṣọ náà kó jáde lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ayé sì rí ohun tí ìwé ìròyìn ilẹ̀ náà kò lè kọ. Owó díẹ̀ tí wọ́n rí níbẹ̀ bọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ti gba baba wọn lọ. Ṣùgbọ́n kí aṣọ náà tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, ó ti ṣe iṣẹ́ kan ná nínú yàrá tí wọ́n ti ń rán an, nítorí obìnrin tí kò lè sọ̀rọ̀ lóde lè sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì í tó ń bá a fa òwú.

Àpẹẹrẹ tó wú mi lórí jù lọ wà ní Gúúsù Áfíríkà. Lórí òkè kan ní Johannesburg, ọgbà ẹ̀wọ̀n kan wà tí wọ́n ti fi ìyà jẹ àwọn ènìyàn dúdú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mahatma Gandhi wà níbẹ̀ rí, Nelson Mandela náà wà níbẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wó, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò kọ́ Ilé Ẹjọ́ tó ń ṣọ́ Òfin Orílẹ̀-èdè sí, orí òkè náà ni wọ́n mú. Wọ́n wó apá ibi tí wọ́n ti ń ti àwọn tó ń retí ìdájọ́ mọ́, wọ́n sì kó bíríkì rẹ̀, wọ́n fi kọ́ ilé ẹjọ́ tuntun náà, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2004. Bíríkì tó ti gbọ́ igbe ẹni tí kò sí ẹni tó gbèjà rẹ̀ ló yí àwọn adájọ́ ká nísinsìnyí. Iṣẹ́ ọnà kún inú ilé ẹjọ́ náà: àwòrán, ère, aṣọ tí wọ́n hun, ilẹ̀kùn onígi tí wọ́n fín ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sí. Àmì ilé ẹjọ́ náà ni igi kan tí àwọn ènìyàn dúró sábẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa náà ṣe máa ń dá ẹjọ́ lábẹ́ igi.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn iṣẹ́ ọnà náà jọ ni Albie Sachs, ọ̀kan lára àwọn adájọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1988, nígbà tó ń gbé ní Maputo, ní orílẹ̀-èdè Mozambique, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sá kúrò nílùú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi bọ́ǹbù sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ojú rẹ̀ kan sì fọ́. Ẹni tí wọ́n ṣe báyìí ló jókòó ṣe adájọ́, tó sì rí i pé ó yẹ kí ẹni tó bá wọ ilé ẹjọ́ rí ohun tó lẹ́wà kí ó tó rí adájọ́. Mo bi yín, ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó dúró de ẹjọ́ rí lórílẹ̀-èdè yìí, kí ni ògiri ibẹ̀ sọ fún yín? Bẹ́ńṣì tó ti kán, fèrèsé tí kò ní gíláàsì, ìdọ̀tí ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Kí adájọ́ tó la ẹnu, ilé náà ti sọ fún opó tó wá gba ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ pé kò já mọ́ nǹkan kan. Ìbẹ̀rẹ̀ àìṣòdodo nìyẹn, kò sì sí òfin tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ní ìlú Montgomery, wọ́n ṣí ibi ìrántí kan ní ọdún 2018 fún àwọn ènìyàn dúdú tó lé ní 4,400 tí àwọn jàǹdùkú pa láìsí ìdájọ́. Òpó irin tó lé ní 800 ló wà níbẹ̀, wọ́n fín orúkọ àwọn tí wọ́n mọ̀ sí wọn lára. Àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ tún ń kó erùpẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti pa kálukú, wọ́n ń bù ú sínú ìgò tí wọ́n kọ orúkọ ẹni náà sí. Àwọ̀ erùpẹ̀ náà kò jọra, èyí sì ni ìdí tí àwọn ìgò náà fi lẹ́wà nígbà tí wọ́n bá tò wọ́n sórí pákó, tí wọ́n sì ń dunni.

Nípa ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀, nítorí àwọn oníṣègùn wà láàárín wa tí wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ní ọdún 2019, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó wà ní Yúróòpù gbé ìròyìn kan jáde tó yẹ ìwé ìwádìí tó lé ní 900 wò, ohun tó sì rí ni pé orin, ijó, àwòrán àti ìtàn ń ṣèrànwọ́ fún ara àti ọkàn, láti orí ọmọdé títí dé orí arúgbó. Èyí kò lè ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Ìyá tó bá ń ki oríkì ọmọ tó ń sunkún ti ń ṣe é tipẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo náà mọ̀ ọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Aro, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, tí ó fi àwọn tí ọpọlọ wọn ń yọ lẹ́nu sínú ilé àwọn ará abúlé, tó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó mọ̀ pé ènìyàn ni oògùn ènìyàn, àti pé ibi tí ìlù ti ń dún, tí oúnjẹ ń jinná, tí àwọn ọmọdé ń ṣeré, ni ọkàn ti ń rántí ọ̀nà ilé.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi iṣẹ́ ọnà tan ara wa jẹ. Orin kì í ṣe owó gbà-má-bínú. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà kúrò ní Benin ní ọdún 1897, kò sí ewì tí a lè kọ tí yóò rọ́pò pé kí wọ́n dá wọn padà. Inú mi dùn pé Jámánì kó 20 nínú wọn wá sí Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àti pé Netherlands dá 119 padà ní ọdún 2025. Púpọ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi owó wò wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé òun fẹ́ ya àwòrán sí ara ògiri yín nítorí ìyà tó jẹ yín, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ yín tí wọ́n gbà, ẹ gba ọ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún béèrè ilẹ̀ yín.

Ewu kejì ni kí a máa fa ẹni tó ní ọgbẹ́ jáde sórí ìtàgé kí ó máa sọ ìrora rẹ̀ léraléra fún àlejò. Mo ti rí i níbi ayẹyẹ kan, tí wọ́n ní kí ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tà á sọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí níwájú kámẹ́rà, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, kò sì sí ẹni tó bá a délé. Ẹni tó ni ìtàn ló ni àṣẹ lórí rẹ̀. Bó bá fẹ́ fi ṣe orin, kí ó kọ ọ́; bó bá fẹ́ pa ẹnu mọ́, kí ó kọ́ bí a ti ń re aró, kí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣiṣẹ́, kí owó wọlé fún un.

Mo mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yìí nítorí pé òwò ènìyàn kò tíì kúrò lójú ọ̀nà tiwa. Ibodè Sèmè kò jìnnà síbi tí a jókòó sí. Àwọn ọmọ ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ibi tí wọ́n purọ́ fún wọn pé iṣẹ́ wà, àjọ NAPTIP tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 láti gbógun ti òwò ènìyàn sì ṣì ń gba díẹ̀ padà lára wọn. Ó dùn mí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìtàn Gbèrèfú nínú ìwé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ Sèmè nínú ẹ̀kọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa so ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe eré rẹ̀ ní ọjà àti ní ibùdókọ̀, ní èdè Ògù, ní Yorùbá àti ní Faransé, níbi tí ẹni tí wọ́n ń tàn lọ́wọ́lọ́wọ́ ti lè gbọ́ ọ kí ó tó wọ ọkọ̀.

Ohun mìíràn tí mo ń bẹ ìlú fún ni ti ojú tí a kò ní. Mo fẹ́ kí àwọn agbẹ́gilére wa, àwọn ayàwòrán wa àti àwọn tó ń mọ amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ojú, ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún àwọn tí wọ́n gba ọ̀nà yìí lọ. Kí wọ́n má ṣe gbẹ́ ẹni tó wà nínú ẹ̀wọ̀n. Kí wọ́n gbẹ́ wọn bí àwọn baba wa ti ń gbẹ́ ìbejì, gẹ́gẹ́ bí wọn ìbá ti rí bí wọ́n bá ti dàgbà sílé: apẹja, ìyá ọlọ́jà, onílù, ìyá àgbà. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú ojú tirẹ̀. Kí ìtàn àwọn tó tà wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ní orúkọ, láìfi bú àwọn ọmọ tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdílé Mobee ti fi ìgboyà ṣe é ṣáájú wa.

Mo ti bá àwọn agbẹ́gilére kan sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà láti kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa. A nílò igi, a nílò ibi tí òjò kò ní pa wọ́n, a sì nílò owó ọ̀yà fún àwọn oníṣẹ́ náà, nítorí kò bójú mu kí a fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kọ́ ibi ìrántí fún àwọn tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ láìgbowó. Ní pàtàkì, mo ń wá orin arò àtijọ́ ní èdè Ògù. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ṣì rántí èyí tí wọ́n ń kọ fún ẹni tó lọ tí kò padà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó lápá òsì mi yìí ní ẹ̀rọ tó lè gbà á sílẹ̀, orúkọ yín ni a ó sì kọ sí i.